Berdyaev Lórí Òṣùwọ̀n Ẹ̀fẹ̀

Gbólóhùn kan wà tó máa ń dùn mí bí mo bá gbọ́ ọ nípàdé ìlú, ìbáà ṣe ní Ìlaròó tàbí ní Ayétòrò. Ẹnìkan á dìde, á béèrè bí wọ́n ṣe ná owó àdájọ, tàbí kó sọ pé ẹjọ́ ilẹ̀ tí àwọn àgbà dá kò tọ́. Kó tó jókòó, wọ́n á ti ní, "Ọmọlúàbí kì í sọ̀rọ̀ báyìí." Bẹ́ẹ̀ kò purọ́, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò ju pé kò dákẹ́ lọ. Mo gbà pé ìtẹríba wà nínú ìwà ọmọlúàbí, mo sì gbà pé ọ̀rọ̀ sísọ ní ètò. Ohun tí n kò gbà ni kí á máa pe ẹni tí ẹ̀rù ń bà ní ọmọlúàbí, kí á sì gba orúkọ náà lọ́wọ́ ẹni tó lọ́kàn láti sọ òtítọ́.

Àwa ará Yewa kọ́ ló yẹ kó ṣe irú àṣìṣe yìí, nítorí àwa la ni Ẹ̀fẹ̀. Lóru, kí ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ọ̀sán tó bẹ̀rẹ̀, Ẹ̀fẹ̀ á jáde sójú agbo, á júbà àwọn ìyá wa, á júbà ọba àti ìjòyè. Ìgbà tó bá júbà tán ló máa ń wá tú gbogbo ohun tí ìlú ń sọ lábẹ́lẹ̀ síta: olóyè tó fọwọ́ kan owó ìlú, ọkọ tó ń lu ìyàwó, ọ̀dọ́ tó ń jalè. Bó bá sì di ọjọ́ kejì, kò sẹ́ni tó máa bá a ṣẹjọ́. Ọba kì í pa ọ̀kọrin. Láti Kétu dé Ìmẹ̀kọ, dé Ayétòrò, dé Ìlaròó, ibi tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá wà, òfin náà wà níbẹ̀. Lọ́dún 2001, àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú. Ẹnu tó júbà náà ló sọ òtítọ́, ìkan kò sì ba èkejì jẹ́. Òṣùwọ̀n yìí ni mo fẹ́ fi wo ìgbésí ayé ọkùnrin kan tó jìnnà sí wa, Nikolai Berdyaev, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò ará Rọ́ṣíà.

Ìlú Kyiv ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1874, nínú ìdílé ọlọ́lá tó ń ṣiṣẹ́ ológun. Ilé ẹ̀kọ́ ológun ni wọ́n kọ́kọ́ fi í sí, kò bá a lára mu. Nígbà tó dé yunifásítì, ó dara pọ̀ mọ́ àwọn ọmọlẹ́yìn Marx. Wọ́n mú un lọ́dún 1898, wọ́n lé e kúrò nílé ẹ̀kọ́, wọ́n sì kó o lọ sí Vologda níhà àríwá. Lẹ́yìn ìyẹn ló fi ẹ̀kọ́ Marx sílẹ̀ tó padà sọ́dọ̀ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ìpadàbọ̀ yẹn kò sọ ọ́ di ẹni ìjọba, kò sì sọ ọ́ di ẹni tí ìjọ lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé tiwọn ni. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n tì í mọ́lé láyé rẹ̀: ẹ̀ẹ̀méjì lábẹ́ ọba Rọ́ṣíà, ẹ̀ẹ̀méjì lábẹ́ àwọn Kọ́múníìsì tó gba ìjọba lẹ́yìn náà.

Ọ̀rọ̀ ọdún 1913 ló jẹ mí lógún jù. Lórí Òkè Athos, ní ilẹ̀ Gíríìsì, àwọn mọ́ńkì ará Rọ́ṣíà kan wà tí wọ́n ń kọ́ni pé orúkọ Ọlọ́run kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, pé Ọlọ́run fúnra rẹ̀ wà nínú orúkọ náà bí ènìyàn bá fi àdúrà pè é. Ẹni tó mọ agbára oríkì kò ní fi wọ́n ṣẹ̀sín. Àmọ́ ìgbìmọ̀ àwọn bíṣọ́ọ̀bù tó ń ṣàkóso ìjọ Rọ́ṣíà ní ẹ̀kọ́ òdì ni. Ìjọba rán ọkọ̀ ojú omi lọ pẹ̀lú ṣọ́jà. Wọ́n fi omi lù wọ́n, wọ́n fi ipá wọ́ wọn jáde, wọ́n kó mọ́ńkì tó lé ní 800 padà sí Rọ́ṣíà, wọ́n sì fọ́n wọn ká.

Ẹ̀kọ́ àwọn mọ́ńkì náà kò wọ Berdyaev lọ́kàn. Pavel Florensky, onímọ̀ bíi tirẹ̀, ló fara mọ́ wọn. Ohun tí Berdyaev kò lè gbójú fò ni kí wọ́n fi ṣọ́jà yanjú ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́. Ó kọ àpilẹ̀kọ sínú ìwé ìròyìn, ó ní àwọn bíṣọ́ọ̀bù náà ń paná ẹ̀mí. Wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé ìwé ìròyìn náà, wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé ó sọ̀rọ̀ òdì sí ohun mímọ́. Bí ẹjọ́ náà bá dá a lẹ́bi, Siberia ni yóò wà títí ayé rẹ̀. Ogun tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1914 ló fa ẹjọ́ náà gùn, ìyípadà ìjọba ọdún 1917 ló sì pa á rẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Ó rọrùn fún ènìyàn láti gbèjà ẹni tí wọ́n jọ ń gbàgbọ́ ohun kan náà. Bí àwọn oníwàásù kan bá dáná sun ojúbọ ará ilé wa lónìí, wòólì mélòó, ààfáà mélòó ni yóò jáde wá sọ pé, "Èmi kì í bọ òrìṣà, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ṣe yìí kò dára"? Mo mọ àwọn ènìyàn rere tí kò ní lè sọ ọ́, nítorí wọn ò fẹ́ kí ìjọ fojú burúkú wò wọ́n. Berdyaev sọ ọ́, ó sì fi ara rẹ̀ wewu fún àwọn tí kò bá wọn pín nínú ẹ̀kọ́ wọn. Bí ìyẹn kò bá jẹ́ ìwà ọmọlúàbí, èmi ò mọ ohun tí a ó máa pe ìwà náà.

Lọ́dún 1920, àwọn ọlọ́pàá inú ìjọba tuntun mú un. Dzerzhinsky, ọ̀gá wọn pátápátá, ló fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò lóru. Berdyaev kò dúró de ìbéèrè. Ó ṣàlàyé ohun tó gbàgbọ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 45, àti ìdí tí òun kò fi fara mọ́ ẹ̀kọ́ wọn. Kò bú ọkùnrin náà, kò bẹ̀ ẹ́, kò sì dárúkọ ẹnikẹ́ni fún un. Dzerzhinsky fi í sílẹ̀, ó sì ní kí wọ́n gbé e délé nítorí olè pọ̀ lóru. Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn, Lenin àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lé àwọn ọ̀mọ̀wé tó lé ní 160 jáde nílùú. Ní ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún 1922, wọ́n kó Berdyaev àti ẹbí rẹ̀ sínú ọkọ̀ ojú omi Oberbürgermeister Haken láti Petrograd lọ sí Jámánì. Wọ́n ní bó bá padà, ìbọn ni. Láti Berlin ó lọ sí Faransé lọ́dún 1924, Clamart lẹ́bàá Paris ló sì gbé títí dọjọ́ ikú.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ló bí ìwà rẹ̀. Ó ní òmìnira ti wà kí ayé tó wà, pé Ọlọ́run fúnra rẹ̀ kì í fipá mú ènìyàn, àti pé iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni Ọlọ́run ń retí gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn. Àwa náà sọ pé olúkúlùkù ló kúnlẹ̀ yan orí tirẹ̀, kò sẹ́ni tó bá a yàn án. Òun ní tirẹ̀ gbà pé yíyàn náà kò parí lọ́run, ojoojúmọ́ ni. Nínú ìwé rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1939 lórí oko ẹrú àti òmìnira, ó fi hàn pé ènìyàn lè di ẹrú ìjọba, ẹrú owó, ẹrú orílẹ̀-èdè, kódà ẹrú ara rẹ̀. Àgbà Yewa kan lè ní: ènìyàn laṣọ mi, ta ni ẹni tí kò ní ìlú? Òdodo ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé pín wa lọ́dún 1889, tí Faransé ń kó àwọn ará Kétu ṣiṣẹ́ àfipáṣe, tó ń fi wọ́n ṣe ṣọ́jà, ọ̀pọ̀ ló dìde lóru tó sá wá sí Ìmẹ̀kọ àti agbègbè rẹ̀. Wọ́n rú òfin. Kò sẹ́ni tó sọ pé wọn kì í ṣe ọmọlúàbí.

Nínú ilé pàápàá, ó gbé ohun tó ń wàásù. Lydia ìyàwó rẹ̀ di Kátólíìkì, òun wà nínú ìjọ Ọ́tódọ́ọ̀sì, wọ́n sì jọ gbé títí Lydia fi kú lọ́dún 1945. Lọ́dọ̀ wa níbí tí ìyá ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tí bàbá ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, èyí kò ní ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ní Rọ́ṣíà ìgbà náà, ó ṣọ̀wọ́n.

Ó ní àléébù, n kò sì ní bò ó. Sùúrù kò tó lára rẹ̀. Inú a máa tètè bí i nínú àríyànjiyàn. Lọ́dún 1918, nígbà tí gbogbo nǹkan dojú rú, ó fi ìbínú kọ ìwé kan sí àwọn ọ̀tá rẹ̀ lórí àìdọ́gba ẹ̀dá, tó jáde ní Berlin lọ́dún 1923. Ó sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ bí ọmọ ọlọ́lá tí kò rí ìyà tálákà. Òun fúnra rẹ̀ padà sọ pé ọ̀pọ̀ ohun inú ìwé náà kì í ṣe tòun mọ́. Ìgboyà nìkan kò tó. Tai Solarin ará Ìkẹ́nnẹ́, tí wọ́n bí lọ́dún 1922 tí wọ́n lé Berdyaev gan-an, nígboyà tó pọ̀. Ó dá ilé ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ lọ́dún 1956, ìjọba ológun sì tì í mọ́lé fún oṣù 17 láàárín 1984 sí 1985. Síbẹ̀, nígbà tí ìgbìmọ̀ Adájọ́ Irikefe pè é lọ́dún 1980 lórí owó epo bílíọ̀nù 2.8 náírà tó ní ó sọnù, kò rí ẹ̀rí gbé kalẹ̀. Mo fẹ́ràn Solarin púpọ̀, ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń ká mi lára. Ẹ̀fẹ̀ tó mọṣẹ́ a máa wádìí kó tó kọrin.

Ohun tó mú kí òṣùwọ̀n Berdyaev tẹ̀wọ̀n lójú mi ni ohun tó ṣe lọ́jọ́ alẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn tí Rọ́ṣíà ṣẹ́gun Hitler, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìrètí nínú ìjọba tó lé e jáde. Àwọn ará Rọ́ṣíà tí wọ́n jọ wà ní Paris bínú sí i, wọ́n ní ó ti ta ara rẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹjọ ọdún 1946, ìjọba náà dojú kọ Akhmatova akéwì àti Zoshchenko òǹkọ̀wé, wọ́n pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Bó bá dákẹ́, ìrètí rẹ̀ ì bá wà láìlábùkù, àwọn tó ń pè é padà sílé ì bá sì máa yìn ín. Ó jókòó, ó kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn àwọn ará Rọ́ṣíà ní Paris, ó ní ohun tí wọ́n ṣe sí àwọn méjèèjì kò dára.