Ìbùkún Tí Ó Ṣáájú Tiwa
Ìwé kíkà: Gẹ́nẹ́sísì 1, ẹsẹ 20 sí 22

A ti ka orí kìíní ìwé Gẹ́nẹ́sísì títí ó fi dà bí ẹni pé kò sí ohun titun nínú rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa ni ó ti kíyèsí i pé kì í ṣe ènìyàn ni Ọlọ́run kọ́kọ́ súre fún? Ní ọjọ́ karùn-ún, nígbà tí a kò tíì dá Ádámù, ni Ó súre fún ẹja àti ẹyẹ, tí Ó sì pàṣẹ kí ẹja máa bí sí i, kí wọ́n sì kún inú omi. Ọjọ́ kẹfà ni ìbùkún tó kan àwa. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹja ni ẹ̀gbọ́n, àwa ni àbúrò.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ náà wá sí ẹ̀bá odò wa. Ní ilẹ̀ Èkìtì, a ti fi ògiri dáàmù sé odò Ureje ní Adó, odò Ero ní Ikun, àti odò Ọ̀sẹ̀ ní Egbe, kí ènìyàn lè rí omi mu. A kò wí pé iṣẹ́ ibi ni. Ẹni tí ó ti rí ọmọdé tí ó ń ru omi gun òkè kí agogo ilé-ìwé tó lù kò ní bú ẹni tí ó mú ẹ̀rọ omi wá. A ti dúpẹ́ nítorí rẹ̀ nínú ilé Ọlọ́run, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Àbùkù tiwa ni pé lẹ́yìn ọpẹ́ náà, a kò bèèrè ohun tí ó dé bá odò ní ìsàlẹ̀ ògiri.

Àwọn apẹja mọ̀ pé àrọ̀ kì í kàn yé ẹyin sí ibikíbi. Nígbà tí òjò bá dé, tí odò bá kún àkúnya, inú koríko tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ bò ni ó ń wá lọ. Àkúnya náà ni agogo tí ń pè é. Ṣùgbọ́n adágún dáàmù tí ẹ̀ẹ̀rùn ti fà gbẹ ni ó ń gba òjò àkọ́rọ̀. Agogo kò lù ní ìsàlẹ̀. Ẹja tí ó sì fẹ́ gòkè odò, ògiri ni ó bá pàdé. Bí a bá sì ṣí ẹnu ọ̀nà omi lójijì, omi a gbá ẹyin àti ọmọ ẹja lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àsọdùn ni èyí. Nígbà tí a sé odò Ọya ní Kainji ní 1968, ẹja pọ̀ nínú adágún titun náà ní àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ènìyàn sì yọ̀. Ṣùgbọ́n láàárín Jebba àti Lokoja, ní ìsàlẹ̀ ògiri, àwọn olùwádìí rí i pé ohun tí àwọn apẹja ń rí mú ní 1969 ti dín kù tó ìdajì ti 1967. Nínú adágún pàápàá, àwọn ẹja kan tí ẹnu wọn gùn bí ọwọ́jà erin dín kù gidigidi. Ọya sì nìyẹn, odò ńlá. Ẹja inú odò kékeré kò ní ibòmíràn tí yóò sá sí.

Òfin 86 ti ọdún 1992 pàṣẹ pé, kí a tó bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà, kí a kọ́kọ́ yẹ ohun tí yóò ṣe sí ilẹ̀, omi àti ẹ̀dá wò. Àwọn dáàmù wa ti wà kí òfin náà tó dé. Síbẹ̀ a lè ka ẹja lókè ògiri àti nísàlẹ̀ rẹ̀, ní ẹ̀ẹ̀rùn àti ní ìgbà òjò. A lè wọn omi tí a ń jẹ́ kí ó kọjá. (Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ ní kí àwọn ọmọ bèèrè orúkọ ẹja tí àwọn bàbá àgbà mọ̀ nínú odò abúlé wọn, kí wọ́n sì kọ èyí tí ó ṣẹ́ kù sílẹ̀.)

Igede-Èkìtì ni odò Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀. Nínú igbó rẹ̀ ní Òṣogbo, àwọn olùsìn rẹ̀ kì í pa ẹja. A kò bá wọn sìn. Ṣùgbọ́n ojú tì wá pé àwọn tí kò ka Gẹ́nẹ́sísì ni ó ń ṣọ́ ẹja jù wá lọ. Wòlíì Ésékíẹ́lì pẹ̀lú, ní orí 34, bá àwọn àgùntàn tí ó sanra wí, nítorí wọ́n mu omi tí ó mọ́ tán, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ rú ìyókù fún àwọn aláìlera.

Nítorí náà, kí àwọn alàgbà ìjọ tí ó wà nítòsí dáàmù lọ bá àwọn tí ń ṣọ́ ọ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n fi ìrẹ̀lẹ̀ bèèrè pé: omi mélòó ni ẹ ń fi sílẹ̀ fún odò?