Ta Ni Ó Ni Kọ́kọ́rọ́?

Bí ènìyàn bá ra àwo fíìmù, tí ó sanwó rẹ̀ pé, tí ó sì gbé e délé, ṣé ó tún kù fún un láti tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tí ó tà á kí ó tó wò ó lórí ẹ̀rọ tí òun fúnra rẹ̀ yàn? Ìbéèrè yìí dà bí àwàdà, ṣùgbọ́n òun ni ó ti pín àwọn tí ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà níyà, pàápàá jù lọ àwọn tí ètò wọn jẹ́ ti gbangba, èyí tí ẹnikẹ́ni lè ka àkọsílẹ̀ rẹ̀, kí ó tún un ṣe, kí ó sì fi í fún ẹlòmíràn.

Kí á má ṣe fi ẹ̀tọ́ àwọn tí ń ṣe fíìmù ṣeré. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí ojú àwọn onífíìmù Yorùbá ti rí lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣe àdàkọ iṣẹ́ wọn tà kò ní sọ pé kí a má wá nǹkan ṣe sí olè. Ohun tí ó wà nílẹ̀ ni irú àgádágodo tí a ó fi dènà rẹ̀, àti ẹni tí ìnira rẹ̀ yóò bá.

Àgádágodo ẹnu ọ̀nà ilé, ẹni tí ó wà lóde ni a fi ń dènà. Ọwọ́ onílé ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ti àwo DVD kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi àmì àṣírí tí a ń pè ní CSS ti fíìmù inú rẹ̀ pa, wọ́n sì fi kọ́kọ́rọ́ pamọ́ sínú ẹ̀rọ tí a ó fi wò ó. Ẹni tí a tà á fún náà ni ẹni tí a ti ilẹ̀kùn mọ́. Ibi tí ọgbọ́n náà ti kọsẹ̀ nìyí, nítorí ohun tí ó bá wà nínú ilé ènìyàn, bó pẹ́ bó yá, yóò rí i. Ní 1999, Jon Lech Johansen, ọmọ ọdún 15 ní ilẹ̀ Norway, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan, gbé ètò kan jáde tí ó ń ṣí i. Wọ́n gbé e lọ sílé-ẹjọ́. Lẹ́ẹ̀mejì ni ilé-ẹjọ́ dá a láre ní ọdún 2003, nítorí pé àwo tí ó fi owó ara rẹ̀ rà ni ó ṣí.

Ètò VLC, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ní lórí kọ̀ǹpútà, tọ ọ̀nà kan náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ École Centrale ní Paris ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1996. Ní 2001 ó di ti gbogbo ayé. Fún àwo DVD, ẹ̀yà kan tí ń jẹ́ libdvdcss ń bá a ṣiṣẹ́, tí kò tọrọ kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìṣirò ni ó fi ń wá a. Ẹni tí ó ti kọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sí gbangba, níbo ni yóò fi kọ́kọ́rọ́ pamọ́ sí?

Nígbà tí fíìmù kúrò lórí àwo tí ó bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ náà le sí i. Firefox, ètò ti gbangba tí a fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, bá ara rẹ̀ ní oríta. Netflix àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ àgádágodo. Google, Microsoft àti Apple ti gbà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2014, Mozilla tí ó ni Firefox kéde pé òun náà yóò gbà, bí kò tilẹ̀ dùn mọ́ òun nínú: bí òun bá kọ̀, àwọn ènìyàn òun yóò ṣí lọ sọ́dọ̀ àwọn yòókù. Ní 2015, ẹ̀yà kan tí Adobe ṣe, tí a kò lè ka àkọsílẹ̀ rẹ̀, wọ inú Firefox. Wọ́n sé e mọ́ inú àhámọ́, wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ kí ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ pa á. Free Software Foundation bu ẹnu àtẹ́ lù wọ́n.

Ní tèmi, n kò lè fi Mozilla rẹ́rìn-ín. Alágbàwí tí kò ní ẹni tí yóò gbọ́ ọ kò yàtọ̀ sí ẹni tí ń dá sọ̀rọ̀. Síbẹ̀, àbùkù ńlá wà nínú àwíjàre náà, nítorí bí kálukú bá ń wí pé bí òun kò ṣe é ẹlòmíràn yóò ṣe é, kò ku ẹni tí yóò kọ̀. Ohun tí mo fi ń yìn wọ́n ni pé wọn kò pe àbùkù náà ní ẹwà.

Ti W3C, ẹgbẹ́ tí ń gbé ìlànà kalẹ̀ fún íntánẹ́ẹ̀tì, ni n kò lè gbà. Òfin Amẹ́ríkà kan ti ọdún 1998 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti ṣí irú àgádágodo bẹ́ẹ̀, àfi àwọn àyè díẹ̀ tí ó yọ sílẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ihò kan wà tí ọ̀daràn lè gbà wọlé lè bá ara rẹ̀ níwájú adájọ́. Electronic Frontier Foundation bẹ̀ wọ́n pé kí àgádágodo wà, ṣùgbọ́n kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ṣèlérí pé wọn kò ní pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́jọ́. Wọn kò gbà. Nínú ìbò tí wọ́n dì ní 2017, 58.4 nínú ọgọ́rùn-ún fọwọ́ sí ìlànà náà, 30.8 kọ̀ ọ́. Ọjọ́ 18 oṣù kẹsàn-án tí wọ́n gbé e jáde gan-an ni ẹgbẹ́ tí ó bẹ̀ wọ́n náà fi wọ́n sílẹ̀.

Ohun tí a béèrè yìí kò ní dín kọ́bọ̀ kù nínú èrè onífíìmù. Kí olówó ti àpótí rẹ̀, ìyẹn yé ni. Kí ó wá gbé àpótí náà sínú yàrá mi, kí ó sì fi òfin dè mí pé n kò gbọdọ̀ tan iná wò ó bóyá ejò wà nínú rẹ̀, ìyẹn kò yé ni. Ẹ̀rọ tí a fi ń wo fíìmù náà ni a fi ń bá báńkì àti ẹbí wa sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń la ìyàtọ̀ àṣírí àti èèwọ̀ yé àwọn ọmọ yóò rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí: àgádágodo jẹ́ àṣírí, òfin tí ó ní kí a má wò ó ni ó sọ ọ́ di èèwọ̀. Onílé tí a kọ̀ fún láti yẹ yàrá kan wò nínú ilé ara rẹ̀ ti di ayálégbé.

Láti 2017 ni ẹ̀yà Adobe ti kúrò nínú Firefox. Widevine ni ó rọ́pò rẹ̀. Ti Google ni, Google kan náà tí ó ni Chrome, orogún Firefox. Ní 2019, ẹnìkan tí ń kọ ètò kékeré kan ti gbangba, kí àwọn ọ̀rẹ́ lè jọ máa wo fíìmù láti ibi tí kálukú wà, kọ̀wé sí Google láti tọrọ àyè àtilo Widevine. Kì í ṣe pé ó fẹ́ jalè. Àyè ni ó tọrọ. Oṣù mẹ́rin ni ó fi dúró kí èsì tó dé pé àwọn kò fọwọ́ sí irú ètò ti gbangba bẹ́ẹ̀.