Àgádágodo Méjì: Ta Ni Ó Yẹ Kí Ó Mọ Inú Ẹ̀rọ?

Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò yìí kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ Yorùbá. Ó ti pẹ́ tí àwọn baba wa ti ń bi ara wọn pé: ìmọ̀ wo ni ó tọ́ kí a fi pamọ́, ìmọ̀ wo ni kò sì tọ́ kí a fi pamọ́? Alágbẹ̀dẹ bi í, oníṣègùn bi í, babaláwo náà bi í. Lónìí, inú ilé iṣẹ́ ńláńlá ni ìbéèrè náà ti tún ń jáde, níbi tí ẹ̀rọ ti ń darí ẹ̀rọ, tí ẹni tí kò mọ ohun tí ẹ̀rọ ń rò sì lè fi ọwọ́ rẹ̀ san owó àìmọ̀.

Irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí wa. Ilé iṣẹ́ ṣúgà wà ní Ṣábẹ̀ẹ́, ti sìmẹ́ńtì wà ní Oníigbólò lẹ́bàá Pọ̀bẹ̀. Orílẹ̀-èdè Benin àti Nàìjíríà ni wọ́n jùmọ̀ dá méjèèjì sílẹ̀. Agbègbè ilé iṣẹ́ ti Glo-Djigbé, tí kò jìnnà sí Kútọnu, bẹ̀rẹ̀ ní 2020. Ti Adétikopé ní Tógò ṣí ní 2021. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n jáde ní lycée technique ń wá iṣẹ́ lọ sí irú ibẹ̀, kí a lè gbà wọ́n gẹ́gẹ́ bí olùtọ́jú ẹ̀rọ adáṣiṣẹ́. Nítorí tiwọn ni a ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́. Nínú àpótí irin tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ńlá ni ohun kan wà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní automate. Àwọn capteur ni ojú àti etí rẹ̀: wọ́n ń sọ fún un pé ìgò ti dé, omi ti kún, ilẹ̀kùn ti tì. Automate yóò wo ètò tí a kọ sínú rẹ̀, yóò sì pàṣẹ fún mótò pé kí ó yí tàbí kí ó dúró. Kí ó tó dé, relais tí ó pọ̀ jọjọ ni a fi wáyà so pọ̀ láti ṣe iṣẹ́ kan náà. Ní 1968, General Motors ní Amẹ́ríkà ń wá ohun tí yóò rọ́pò àwọn relais wọ̀nyí, nítorí pé nígbàkúùgbà tí irú mọ́tò tí wọ́n ń ṣe bá yí padà, wọ́n ní láti tú wáyà, kí wọ́n sì tún un so. Dick Morley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé Modicon 084 jáde ní 1969. Wọ́n jẹ́ kí èdè rẹ̀ dà bí àwòrán iná tí àwọn oníná ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, tí ó rí bí àtẹ̀gùn, kí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ iná lè kà á láìdi onímọ̀ kọ̀ǹpútà. Nítorí náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni a ti ṣe ẹ̀rọ yìí kí òṣìṣẹ́ lè rí inú rẹ̀.

Ẹni tí ó bá wọ ilé iṣẹ́ lónìí yóò bá àgádágodo méjì pàdé. Orí àwọn méjèèjì yìí ni ọ̀rọ̀ wa dá lé.

Àkọ́kọ́ ni ti consignation. Nígbà tí òṣìṣẹ́ bá fẹ́ fi ọwọ́ bọ inú ẹ̀rọ láti tún un ṣe, yóò gé iná rẹ̀ ní orísun. Yóò fi àgádágodo tirẹ̀ ti ọwọ́ ìgéná náà pa. Yóò so páálí kékeré mọ́ ọn tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀. Yóò sì fi ẹ̀rọ ìwádìí iná yẹ̀ ẹ́ wò pé iná ti lọ lóòótọ́, kí ó tó na ọwọ́. Bí ènìyàn mẹ́rin bá ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ kan, àgádágodo mẹ́rin ni yóò wà níbẹ̀. Ẹni tí ó ti tirẹ̀ ni yóò ṣí i, bí ó ti wù kí ọ̀gá kánjú tó. Ẹni tí ara rẹ̀ wà nínú ewu ni kọ́kọ́rọ́ wà ní àpò rẹ̀.

Èkejì kò ṣeé fi ojú rí. Ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé ni, mot de passe tí ẹni tí ó kọ ètò automate fi tì í, tí ó sì mú lọ sílé. Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ohun tí ó lè ti ibẹ̀ jáde. Ẹ̀rọ tí ń rọ omi èso sínú ìgò dúró ní aago méjì òru. Iná wà, mótò kò bàjẹ́, ṣùgbọ́n automate kò gbà kí ó yí. Bí olùtọ́jú ẹ̀rọ tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ bá lè ka ètò náà, yóò rí i pé capteur ilẹ̀kùn ààbò kan ni kò fèsì. Yóò pààrọ̀ rẹ̀, iṣẹ́ yóò sì máa lọ. Ṣùgbọ́n ètò wà ní títì. Ẹni tí ó kọ ọ́ wà lókè òkun, a pè é títí, kò gbé fóònù. Ọ̀gá ń bínú. Ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà bá mú wáyà, ó ń so ẹnu àwọn capteur pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ẹ̀rọ fi gbéra. Ó gbéra lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ààbò ti di ilẹ̀kùn lásán. Ẹni tí ó bá ṣí i lọ́la, ẹ̀rọ kò ní dúró de ọwọ́ rẹ̀.

Ta ni ó jẹ̀bi? A kò lè sọ pé ọwọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin náà mọ́, nítorí ó mọ̀ pé a kì í fi wáyà di ẹnu ààbò. Ọ̀gá tí ó fi ìbínú lé e síbẹ̀ pín nínú ẹ̀bi náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ètò pa tí ó sì lọ ni ó kọ́kọ́ fi ẹlòmíràn sí iwájú ewu tí kò jẹ́ kí ó rí. Àgádágodo àkọ́kọ́ ń fi ẹ̀mí òṣìṣẹ́ sí ọwọ́ òṣìṣẹ́. Èkejì mú un kúrò níbẹ̀.

A gbọ́dọ̀ gbọ́ tẹnu ẹni tí ó tì í pẹ̀lú, nítorí pé a kì í gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan dá. Ohun méjì ni yóò sọ. Èkíní ni oúnjẹ rẹ̀: bí mo bá fi gbogbo ohun tí mo mọ̀ hàn, yóò ní, ta ni yóò tún pè mí? Èkejì ni ààbò: bí gbogbo ènìyàn bá lè wọlé, ẹni ibi náà yóò wọlé. Ọ̀rọ̀ kejì yìí kì í ṣe àwáwí. Ní 2017, àwọn oníṣẹ́ ibi gba orí kọ̀ǹpútà wọ ilé iṣẹ́ epo kan ní Saudi Arabia, wọ́n sì dé inú automate ààbò gan-an, èyí tí a fi sílẹ̀ láti dá ilé iṣẹ́ dúró nígbà ewu. Lára ohun tí ó ṣí ọ̀nà fún wọn ni pé kọ́kọ́rọ́ tí ó wà lójú automate náà ni a fi sílẹ̀ ní ipò tí a fi ń kọ ètò tuntun sí i. Ẹni tí ó bá ní kí a mú gbogbo àgádágodo kúrò kò tíì ronú dé ìdí ọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí kọ́kọ́rọ́ yẹn jẹ́. Kọ́kọ́rọ́ ìyípadà ni. Kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ ìkàwé. Ohun méjì ni kí ènìyàn ka ètò àti kí ó yí i padà, ọ̀pọ̀ automate ni ó sì gbà kí a ya méjèèjì sọ́tọ̀: kí a jẹ́ kí olùtọ́jú rí ohun tí ẹ̀rọ ń rò, kí ó má sì lè yí i padà láìgba àṣẹ. Ẹni tí ó ti ìyípadà ń ṣọ́ ilé. Ẹni tí ó ti ìkàwé mọ́ olùtọ́jú, ọjà rẹ̀ ni ó ń ṣọ́, ó sì ń fi orúkọ ààbò bò ó.

Àwọn baba wa mọ irú ìyàtọ̀ yìí. Awo ní ilẹ̀ wa ní ẹnu ọ̀nà. Ẹni tí ó fẹ́ mọ̀ yóò sìn, yóò jẹ́ ẹ̀jẹ́, yóò sì pẹ́ níbẹ̀. Ọmọ tí ń fẹ ẹwìrì fún alágbẹ̀dẹ kò mọ bí a ṣe ń mú irin le lọ́jọ́ kìíní, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òun yóò gba òmìnira. Ọ̀gá tí ó bá fi ọmọ iṣẹ́ sí ìdí iná tí kò sì sọ fún un pé irin tí kò pọ́n mọ́ ṣì lè jó o, ìlú kò ní pe ìyẹn ní awo. Ìkà ni wọn yóò pè é. Ìmọ̀ tí ń pa ènìyàn mọ́ láàyè kì í dúró de ọjọ́ òmìnira.

Ti oúnjẹ ńkọ́? Ìtàn iṣẹ́ yìí fi hàn pé ṣíṣí ìmọ̀ kì í sọ oníṣẹ́ di tálákà. Ní 1977, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Faransé gbé Grafcet kalẹ̀, ọ̀nà tí a fi ń ya iṣẹ́ ẹ̀rọ ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ohun tí ó gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ kí a tó bọ́ sí ìgbésẹ̀ tí ó kàn. Kò sí ilé iṣẹ́ kan tí ó tì í mọ́lé. Òun náà ni a fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí ń fi èdè Faransé kọ́ni. Modicon náà gbé Modbus jáde ní 1979, èdè tí ẹ̀rọ fi ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, wọ́n sì jẹ́ kí ẹlòmíràn kà á kí ó sì lò ó. Títí di òní ni ó wà nínú ilé iṣẹ́ káàkiri ayé. Ní 1993, ìlànà àgbáyé tí a ń pè ní IEC 61131-3 to àwọn èdè automate jọ, kí ẹni tí ó kọ́ ọ lórí ẹ̀rọ kan má bàa di òpè níwájú òmíràn.

Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní owó kò ní láti káwọ́ lérí. Kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí Grafcet, pẹ̀lú ìwé àti lẹ́ẹ̀dì. Bí ó bá rí kọ̀ǹpútà, CODESYS, tí ó wá láti Jámánì, ṣeé gbà lọ́fẹ̀ẹ́ láti fi kọ ètò kí a sì dán an wò láìní automate kankan. OpenPLC ń lọ síwájú ju ìyẹn: ẹnikẹ́ni lè ka bí a ṣe ṣe é láti inú dé òde, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà kékeré bíi Raspberry Pi. Ìwé ìlànà Modbus wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tí ó bá fẹ́ kà á. Lẹ́yìn èyí, kí ó wá multimètre tí ó dára, kí ó sì kọ́ bí a ṣe ń lò ó láìfi ẹ̀mí ta tẹ́tẹ́.

Multimètre yẹn yóò kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ kan tí ó kan ìwà pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ capteur tí ń wọn omi inú àgbá máa ń fi iná kékeré ránṣẹ́ sí automate, láti milliampère 4 dé 20. Bí àgbá bá ṣófo pátápátá, 4 ni ó ń rán. Kò ní rán òdo. Òdo túmọ̀ sí pé wáyà ti já. Àwọn tí wọ́n ṣe é báyìí fẹ́ kí a lè mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí ń sọ pé «kò sí nǹkan níbí» àti ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Irú òtítọ́ yìí ni a ń bèèrè lọ́wọ́ olùtọ́jú ẹ̀rọ. Kí ó lè sọ pé «n kò mọ èyí», kí ó má ṣe dákẹ́ kí a lè rò pé ó mọ̀. Abéèrè kì í ṣìnà. Ṣùgbọ́n ìlú tí ń fi abéèrè ṣe yẹ̀yẹ́ ni yóò sọ ọ́ di adákẹ́.

Ohun ọ̀fẹ́ wọ̀nyí kò sì lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àgbà. Ẹ̀rọ tí a ń dán wò lójú kọ̀ǹpútà kì í gbóná, kì í rùn, kì í gbọ̀n. Etí tí ń gbọ́ pé bọ́ọ̀lù inú mótò fẹ́ bàjẹ́, ọwọ́ tí ń mọ̀ pé wáyà kan ti tú lórí ìso rẹ̀, ọdún ni a fi ń ra wọn. Àgbà tí ó bá fi ètò han ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì fún un ní ọdún wọ̀nyẹn, a ó sì ṣì máa pè é. Kò yẹ kí ó bẹ̀rù kíkà ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ tọ́.

Ohun mẹ́ta ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ẹ̀rọ fún ilé iṣẹ́, ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ètò automate, àlàyé rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé rẹ̀ yóò bá ẹ̀rọ dé, kí ẹ tó san owó ìkẹyìn. Ẹ̀yin àgbà ẹnu iṣẹ́, ẹ jẹ́ kí ìwé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tí ẹ ó máa kọ ohun tí ó bàjẹ́ àti ohun tí ẹ ṣe sí i, nítorí ẹni tí yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín ní òru.

Ẹ̀kẹta kan ẹgbẹ́ wa fúnra rẹ̀. Lára àwọn tí ń gbé ẹrù, tí ń gbá ilẹ̀, tí ń nu ẹ̀rọ, a rí ẹni tí kò ka Faransé rárá. «Danger de mort» tí a kọ sí ara àpótí iná, àwòrán lásán ni lójú rẹ̀. Àgádágodo ni èdè náà jẹ́ fún un. Ẹ jẹ́ kí àwa tí a ní èdè méjèèjì kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ ní èdè tí ó gbọ́: «Iná yìí ń pa ènìyàn. Má ṣe ṣí i.»