Ìwà Náà Ń Fẹ́ Ilé



Nígbà tí a sọ̀rọ̀ tán lórí ìtàn Ìwà, aya Ọ̀rúnmìlà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Baba, ẹ má bínú o. Èèyàn tó wà ní ìlú Tokyo tó mílíọ̀nù 14. Ọmọ ọdún méje ń dá wọ ọkọ̀ ojú irin lọ síléèwé níbẹ̀. Wọn ò mọ Ifá, wọn ò fi Ògún búra. Àwa tí a ní gbogbo ẹ̀, a ò lè gbé fóònù sórí tábìlì ká yíjú. Báwo ló ṣe jẹ́?"

Ìdáhùn àwọn àgbà ti wà lẹ́nu mi: pé láyé àwọn baba wa, ẹ̀rù òrìṣà wà, oníṣu á pàtẹ iṣu sẹ́bàá ọ̀nà, á fi òkúta wẹ́wẹ́ sọ iye tó ń tà á, á bá tiẹ̀ lọ sóko. Òótọ́ ni, wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ìtàn ni mo kà ní yunifásítì, kì í jẹ́ kéèyàn tan ara rẹ̀ pẹ́. Ààlè ńkọ́? Àkísà, ìkarahun ìgbín, ṣùkù àgbàdo tí wọ́n ń so mọ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà yẹn, ta ni wọ́n ń so ó dè? Bí kò bá sí olè nígbà náà, kí ni iṣẹ́ ààlè?

Mo ní kó fún mi láyè kí n lọ kàwé sí i.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo rí ni pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí ogun parí ní 1945, Tokyo ti jóná, ebi ń pa aráàlú, ọjà abẹ́lẹ̀ àti olè jíjà gbòde. Ní 1954, ìpànìyàn tí àwọn ọlọ́pàá Japan kọ sílẹ̀ ju 3,000 lọ. Láti 2015 wá, kì í tó 1,000 lọ́dún. Ìran kan náà ni o! Ní 2002, gbogbo ìwà ọ̀daràn tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè náà tó mílíọ̀nù 2.85, nígbà tó fi máa di 2021, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 568,000. Láti 2022 ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ohun tó ń lọ tó ń bọ̀ báyìí, a ò lè pè é ní àbímọ́.

Ìbọn wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Òfin wọn ti 1958 ò jẹ́ kí aráàlú ní in bó ṣe wù ú, nítorí náà kì í sí nítòsí ẹni tínú ń bí. Ṣùgbọ́n ibi tí mo ti dúró pẹ́ ni ohun tí wọ́n ń pè ní kóbàn. Yàrá kékeré ni, lẹ́bàá ibùdókọ̀ ojú irin tàbí ní oríta, tí àwọn ọlọ́pàá bíi mélòó kan ń gba ìṣọ́ lọ́wọ́ ara wọn níbẹ̀. Gbígba ìṣọ́ lọ́wọ́ ara ẹni yìí gan-an ni orúkọ náà ń sọ. 1874 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Tokyo. Lónìí, ó ju 800 lọ nínú ìlú yẹn nìkan. Ẹni tó ṣìnà, ibẹ̀ ló ń lọ béèrè. Arúgbó tí kò rántí ọ̀nà ilé mọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ń mú un lọ. Àwọn ọlọ́pàá náà a sì máa yà kí àwọn onílé àti onísọ́ọ̀bù, kí wọ́n lè mọ ẹni tó ń gbé ibo.

Ẹni tó bá rí pọ́ọ̀sì he, kóbàn ló ń gbé e lọ. Wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á fún un níwèé. Òfin ní kó mú un wá láàárín ọjọ́ 7. Bí olówó bá yọjú, yóò fún ẹni tó rí i ní ìdá 5 sí 20 nínú 100. Bí oṣù 3 bá pé tí ẹnì kankan ò wá, ó di ti ẹni tó rí i (fóònù àti káàdì ìdánimọ̀ ò sí nínú èyí). Ní 2018, ohun tó nù tó dé ọwọ́ ọlọ́pàá Tokyo lé ní mílíọ̀nù 4. Agboòrùn inú rẹ̀ pọ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní, àwọn tó ni wọ́n ò sì wá!

Ṣé ẹ rí i? Òfin yẹn ò retí pé kí gbogbo èèyàn ti jẹ́ ọmọlúàbí látinú ikùn ìyá wọn. Ó kàn ṣe é tí ṣíṣe rere ò fi ní ná èèyàn ní nǹkan.

Ní àdúgbò wa, ọmọ kan tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán rí fóònù olówó ńlá nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ó gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá kan, mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. Wọ́n bi í níbi tó ti jí i. Ìrọ̀lẹ́ lèmi àti ìyá rẹ̀ débẹ̀, owó la san kó tó jáde. Kò sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Nígbà tó máa sọ ọ́, ó ní, "Baba, tí mo bá tún rí òmíràn, mo máa gbẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá ni."

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn Ìwà, ẹ mọ ohun tí mo gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ìwà ò ṣàdédé lọ. Ọ̀rúnmìlà ló ṣe é ṣúkaṣùka tó fi palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Ìgbà tó lọ tán ni ilé tú, tí iyì sì bá a lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n lé Ìwà jáde níṣojú mi, èmi náà sì dúró níbẹ̀, mò ń ka owó. Ifá ò sì sọ fún mi rí pé àwa Yorùbá nìkan ni Ìwà lè fẹ́. Ibi tí wọ́n bá ti ṣílẹ̀kùn fún un ló ń wọ̀.

Ẹ má rò pé Tokyo ni ọ̀run o. Wọ́n ń jí kẹ̀kẹ́ níbẹ̀ dáadáa. Ìfọwọ́kọfọ́wọ́ pọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin wọn débi tí wọ́n fi ya ọkọ̀ sọ́tọ̀ fún obìnrin. Ní 1995, àwọn ẹlẹ́sìn kan tú afẹ́fẹ́ olóró sínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, èèyàn kú. Ọlọ́pàá wọn sì lè ti afurasí mọ́lé fún ọjọ́ 23 kí wọ́n tó fẹ̀sùn kàn án. Iwao Hakamada, tí wọ́n dájọ́ ikú fún ní 1968, 2024 ni ilé ẹjọ́ tó dá a láre. Èyí tí mo bá fẹ́ ká mú lára wọn, kì í ṣe ìyẹn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn padà wá. Mo sọ fún un pé láti ìgbà tí mo ti ń dífá, mi ò lè ka iye ẹni tó ti wá béèrè ohun tí yóò mú olè. Ẹnì kan ò tíì wá béèrè ohun tí a ó ṣe fún ẹni tó rí nǹkan he tó fẹ́ dá a padà. Ó ní, "Ẹ̀yin ńkọ́, Baba, ẹ ti ṣe é?" Àwọn ọmọ òde òní!

Mo gbé e lọ sí ìpàdé lándílọ́ọ̀dù. Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Alága ní ta ló máa jókòó tì í. Ìyá tó ń ta ẹ̀wà lẹ́nu géètì ló dáhùn pé òun kúkú ti ń jókòó síbẹ̀ láti aago márùn-ún ìdájí, kí wọ́n sáà ra ìwé fún òun. A ra ìwé. Ẹni tó bá mú nǹkan wá, ibi tó ti rí i nìkan la ó bi í. Ẹni tó bá wá gbà á gbọ́dọ̀ sọ àmì rẹ̀. Títí di àná, fóònù 2, báàgì iléèwé 1, ìdì kọ́kọ́rọ́ 1.

Ọmọ tó ń kọ́ aṣọ rírán yẹn ló mú kọ́kọ́rọ́ wá. Ó ní kí wọ́n má kọ orúkọ òun o. Kọ́kọ́rọ́ náà ṣì wà lọ́dọ̀ ìyá ẹlẹ́wà. Mi ò ní sọ bó ṣe rí, ẹni tó ni ín ló máa sọ ọ́.