ÌGBÁTÍ ORÍ ILÉ: Ọ̀rọ̀ Ìyànjú Nítorí Oògùn Olóró àti Àwọn Ọmọ Wa

Ibi kíkà: Deuteronomi 22:8



Nínú àwọn òfin tí Mósè fi lé àwọn ọmọ Ísírẹ́lì lọ́wọ́, ọ̀kan wà tí ó kéré lójú, tí òǹkàwé púpọ̀ a sì máa sáré kọjá lórí rẹ̀. Olúwa pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni tí ó bá kọ́ ilé titun gbọ́dọ̀ mọ ìgbátí yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹlòmíràn má baà ti ibẹ̀ ṣubú, kí ẹ̀jẹ̀ ẹni náà má sì wá sórí ilé onílé. Òrùlé àwọn Júù tẹ́ pẹrẹsẹ; níbẹ̀ ni wọ́n ti ń gba atẹ́gùn ní àṣálẹ́, níbẹ̀ ni àwọn ọmọ wọn ti ń ṣeré. Àwa ará Ìbàdàn mọ irú nǹkan báyìí. Ẹ gbé ojú sókè wo àwọn ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí ó wà ní Bẹẹrẹ, ní Ọjà'ba àti ní Beyerunka: ẹni tí ó bá kọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ sókè kò jẹ́ fi í sílẹ̀ láìfi irin tàbí igi dábùú etí rẹ̀.

Ẹ kíyèsí ohun mẹ́ta nínú òfin yìí. Èkíní, a ń mọ ìgbátí kí ẹnikẹ́ni tó ṣubú, kì í ṣe lẹ́yìn tí a bá ti gbé òkú nílẹ̀. Èkejì, nítorí ọmọdé, àlejò àti aláìfiyèsí ni a ṣe ń mọ ọ́n. Àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ ríran lè wí pé òun kò nílò rẹ̀, síbẹ̀ yóò gbà á mọ́ra nítorí àwọn kékeré. Ẹ̀kẹta, Ọlọ́run bi onílé léèrè, kò bi ẹni tí ó ṣubú nìkan. Nípa oògùn olóró ni mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí bá yín sọ̀rọ̀, nítorí ohùn kan ń dún ní ayé ìsinsìnyí pé kí a wó ìgbátí náà.

BÍ Ọ̀RÀN TI RÍ LÁÀRIN WA

Kò sí ẹni tí ó lè wí pé òun kò rí i. Ẹni tí ó bá gba Bẹẹrẹ kọjá ní àfẹ̀mọ́júmọ́ yóò rí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń fi paraga ṣí ẹnu kí wọ́n tó fi oúnjẹ kàn án. Igbó ń rùn ní ẹ̀yìn àgbàlá níbi tí àwọn baba wọn ti ń ta ayò. Àwọn mìíràn ń gbé tírámádóòlù mì kí wọ́n lè ru ẹrù tàbí wa ọkọ̀ láìmọ̀ pé ó rẹ̀ wọ́n. Ara a sì máa san gbèsè náà lẹ́yìn ọ̀la.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ìbẹ̀rù àgbà ni èyí, kí ó gbọ́ ohun tí àwọn tí ń kà á wí. Ní ọdún 2019 ni Àjọ Ìṣirò ilẹ̀ wa àti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tẹ ìwádìí ńlá kan jáde. Wọ́n rí i pé nínú àwọn tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ 15 títí dé 64, ènìyàn bí mílíọ̀nù 14 àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà 300 ti lo oògùn olóró láàrin ọdún kan. Èyí jẹ́ 14 nínú 100 àti díẹ̀ sí i, nígbà tí gbogbo ayé lápapọ̀ kò ju bí 5 tàbí 6 nínú 100 lọ. Ilẹ̀ Yorùbá li ó sì wà ní iwájú: ó ju 22 nínú 100 lọ ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn, Èkó jẹ́ 33, Ọ̀yọ́ tiwa sì jẹ́ 23. Igbó li ó pọ̀ jù, àwọn tí ń mu ún sì ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọmọ ọdún 19. Nínú márùn-ún tí ó lo oògùn, ọ̀kan ti di ẹni tí oògùn ń bá jà. Ẹ wo àga tí ẹ jókòó lé lórí ní ọjọ́ Ìsinmi, kí ẹ sì ka ènìyàn mẹ́rin.

OHUN TÍ ÀWỌN TÍ Ń FẸ́ KÍ A DẸ ÒFIN Ń WÍ

Kò yẹ kí a bú wọn. Ẹ jẹ́ kí a dá wọn lóhùn. Wọ́n ń wí pé igbó jẹ́ oògùn fún aláìsàn. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí àwọn dókítà wádìí rẹ̀, kí wọ́n sì fi í fún aláìsàn pẹ̀lú ìwọ̀n. Mọ́fíìnì tí a ń rí lára òdòdó òpíọ̀mù ni a fi ń mú ìrora dẹ̀ fún ẹni tí jẹjẹrẹ ń dá lóró, ṣùgbọ́n a kò tìtorí èyí gbé òpíọ̀mù sórí àtẹ ní Ọjà'ba. Ìwòsàn kò béèrè pé kí a wó ìgbátí.

Wọ́n tún ń wí pé owó wà níbẹ̀. Ní ọdún 2019, Gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó ìgbà náà, olóògbé Rótìmí Akérédolú, bá ọ̀gá àjọ NDLEA lọ sí orílẹ̀-èdè Thailand láti wo bí a ti ń gbin igbó fún ìṣègùn, ìrètí sì pọ̀ pé èrè rẹ̀ yóò tó ti kòkó. Kí li ó wá ṣẹlẹ̀ ní Thailand? Ní oṣù kẹfà ọdún 2022 ni wọ́n yọ igbó kúrò nínú àwọn ohun tí òfin kà léèwọ̀. Ilé ìtajà rẹ̀ yọ bí olú ní ìgboro. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, ìjọba ilẹ̀ náà yí padà, ó pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rà á mọ́ láìní ìwé dókítà. Ọdún mẹ́ta péré ni.

Àwọn ará Oregon ní Amẹ́ríkà lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 2020 ni wọ́n dìbò pé kí gbígbé oògùn líle díẹ̀ sọ́wọ́ má ṣe jẹ́ ọ̀ràn ẹ̀wọ̀n mọ́. Ní ọdún 2024, ilé ìgbìmọ̀ wọn sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ padà. Orílẹ̀-èdè tí ó ní dókítà, ọlọ́pàá àti owó jù wá lọ dá ìgbátí rẹ̀ padà; àwa tí a kò ní tó bẹ́ẹ̀, kí li a ó fi gbé ẹni tí ó bá ṣubú?

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a lọ jìnnà pàápàá. Àpẹẹrẹ wà nílé. Omi ikọ́ oníkódíìnì kì í ṣe ohun èèwọ̀ nígbà kan. Òfin gbà á, ó sì ní ìlànà tí a ó fi máa tà á. Ṣùgbọ́n àwọn olùtajà kò ka ìlànà sí, àwọn ọmọ wa lọ́kùnrin lóbìnrin sì ń mu ún bí omi dídùn, títí ìjọba fi ní láti dá ṣíṣe é àti kíkó o wọ̀lú dúró ní oṣù karùn-ún ọdún 2018. Ẹ ro ti ọtí inú ọ̀rá pẹ̀lú. Ní ọdún 2018 kan náà ni àwọn tí ń ṣe é bá ìjọba ṣe àdéhùn pé yóò kúrò nílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Nígbà tí àkókò tó, ariwo owó àti iṣẹ́ ta, a sì sún un síwájú di òpin ọdún 2025. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ohun tí a bá ti fún ní ààyè lọ́jà a máa ní olówó tí yóò gbèjà rẹ̀. Ó rọrùn láti ṣí ilẹ̀kùn náà ju láti tì í lọ.

Àwọn kan ń bi wá pé, ṣebí ọtí wà lóde, èéṣe tí igbó kò fi lè wà? Ìdáhùn ìjọ wa ti pẹ́. Nígbà tí jíìnì àti rọ́ọ̀mù láti Hamburg àti Rotterdam kún èbúté wa, Bíṣọ́ọ̀bù Herbert Tugwell àti Bíṣọ́ọ̀bù James Johnson gbé ohùn sókè lòdì sí i. A dá wọn lóhùn pé owó orí ọtí ni ìjọba fi ń jẹun. Ìgbìmọ̀ tí ó sì wádìí ọ̀ràn náà ní ọdún 1909 kò gbè wọ́n. Wọn kò dákẹ́. Ní ọdún 1919, àwọn orílẹ̀-èdè fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní Saint-Germain ní ilẹ̀ Faransé, a sì ka ọtí líle olówó pọ́ọ́kú náà léèwọ̀ ní Áfíríkà. Bí ohun búburú kan bá ti bọ́ sínú ilé, kì í ṣe ìdí láti pe èkejì wọlé.

ÒFIN NÌKAN KÒ TÓ

Ṣùgbọ́n kí a sọ òtítọ́ tán. Lẹ́yìn èèwọ̀ ọdún 1919, nígbà tí ọwọ́ dá ní nǹkan bí ọdún 1930, àwọn ènìyàn wa kọ́ bí a ti ń pọn ògógóró nínú igbó. Òfin ti ilẹ̀kùn iwájú, ọkàn ènìyàn sì gba ẹ̀yìnkùlé. A ti dán òfin líle wò pẹ̀lú. Òfin ọdún 1966 fi ikú tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún 21 lé ẹni tí ó bá gbin igbó lórí. Ní ọdún 1985 a yìnbọn pa ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta ní Èkó nítorí oògùn olóró. Síbẹ̀ oògùn kò tán. Èmi kò bẹ̀bẹ̀ pé kí irú ọjọ́ náà padà, ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe amọ̀ tí a fi ń mọ ìgbátí. Bẹ́ẹ̀ ni kò dára kí òfin máa mú ọmọ tálákà tí ó mu ún, kí ó sì máa kí ọlọ́lá tí ń kó o wọ̀lú. Kí òfin dúró, kí ó ṣe òdodo, kí ọwọ́ rẹ̀ le sí oníṣòwò, kí ó sì darí ẹni tí ó ti di ẹrú oògùn sí ìwòsàn.

Ohun tí ó kù wà ní ọwọ́ wa. Ẹ rántí àwọn ọmọ Rekabu nínú ìwé wòlíì Jeremáyà, orí 35. A gbé ọtí wáìnì ka iwájú wọn nínú ilé Olúwa gan-an, wọn kò mu. Kì í ṣe ìbẹ̀rù ọlọ́pàá li ó dá wọn dúró. Baba ńlá wọn, Jonadabu, ti kọ́ wọn, ẹ̀kọ́ náà sì ti wọ inú egungun wọn. Ẹ sì rántí Élì, àlùfáà bí tiwa, tí ó gbọ́ ìwà àwọn ọmọ rẹ̀, tí ó bá wọn wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tí kò sì dá wọn lẹ́kun.

Ayé òde òní pàápàá ti jẹ́rìí sí èyí. Ní ilẹ̀ Iceland, ní ọdún 1998, 42 nínú 100 àwọn ọmọ ọdún 15 sí 16 li ó ti mu ọtí yó láàrin oṣù kan. Ní ọdún 2016, ó ti di 5. Àwọn tí ó ti tọ́ igbó wò rí wá láti 17 sí 7. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n ka ọtí àti tábà léèwọ̀ fún ọmọdé, wọ́n dá wákàtí tí ọmọ gbọ́dọ̀ ti wọlé ní alẹ́. Àwọn òbí fi ọwọ́ sí ìwé pé àwọn yóò máa wà pẹ̀lú ọmọ wọn, àti pé wọn yóò máa bá ara wọn ṣọ́ wọn. Ìlú fi owó sí eré ìdárayá àti orin, kí ọwọ́ ọmọ má baà ṣófo. Wọn kò yan òfin kí wọ́n fi ìkọ́ni sílẹ̀. Wọ́n mú méjèèjì pọ̀.

KÍ LI A Ó ṢE?

Ẹ̀yin òbí, àwọn baba wa wí pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Kò sí ibi tí òwe yìí ti ṣẹ ju inú agboolé àtijọ́ wa lọ. Ẹ mọ ọ̀rẹ́ ọmọ yín àti ibi tí ó ń sùn. Ẹ má ṣe rán ọmọdé lọ ra paraga tàbí sìgá fún yín. Ẹ padà sí àṣà agboolé, níbi tí àgbà tí ó bá rí ọmọ ẹlòmíràn nínú ìwà ibi a máa bá a wí, tí ìyá ọmọ náà a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ dípò kí ó bá a jà.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ 26 oṣù kẹfà, tí gbogbo ayé yà sọ́tọ̀ fún ìjà yìí, kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ, láìsí àbùmọ́, ohun tí oògùn ń ṣe sí ọpọlọ tí ó ṣì ń dàgbà. Nítorí bí ọmọ bá ká irọ́ kan mọ́ yín lẹ́nu, kò ní gba òtítọ́ mẹ́wàá gbọ́. Ọmọ tí ìwé rẹ̀ ṣàdédé ń rẹ̀yìn, tí ó ń sùn ní kíláàsì, ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ẹ tó nà án.

Àwa ìjọ, ẹ jẹ́ kí a ṣí gbọ̀ngàn wa sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ fún ìwé kíkà, orin àti eré bọ́ọ̀lù. Kí a má sì lé ẹni tí ó ti ṣubú. Ní ọdún 2019 ni àwọn ọlọ́pàá tú ènìyàn tí ó ju 200 sílẹ̀ nínú ilé kan ní Ìbàdàn yìí, níbi tí a tì wọ́n mọ́. Àwọn òbí mìíràn li ó fi ọwọ́ ara wọn mú ọmọ wọn lọ sí ibẹ̀ nítorí oògùn àti ìwà búburú. Ẹ̀bi náà kò mọ sí ọ̀dọ̀ ẹnì kan tàbí ìsìn kan. Ẹ̀wọ̀n ti dún nínú ilé àdúrà àwọn Kristẹni pẹ̀lú. Dókítà Adéoyè Lámbò ti fi ọ̀nà tí ó sàn jù hàn wá ní Aró, ní Abẹ́òkúta, láti ọdún 1954, nígbà tí ó jẹ́ kí àwọn aláìsàn ọpọlọ máa gbé láàrin ará abúlé pẹ̀lú ìbátan wọn bí wọ́n ti ń gba ìtọ́jú. Ẹ gbé ọmọ yín lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ sì bá a lọ. Ẹni tí Jésù wò sàn ní ilẹ̀ àwọn ará Gadara ti fi ẹ̀wọ̀n já títí. Ọ̀rọ̀ Olúwa li ó mú un jókòó ní ìparọ́rọ́, kì í ṣe irin.

Ẹ̀yin ará, ilé tí Ọlọ́run fi jíǹkí wa ga, àwọn ọmọ sì ń ṣeré lórí òrùlé rẹ̀ ní alẹ́ òní. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá wọn wó ìgbátí náà, kí olúkúlùkù sì gbé òkúta tirẹ̀ wá láti fi kún un. Kí Ọlọ́run Olódùmarè, tí ó fi wá ṣe olùṣọ́ ara wa, fún wa ní ojú láti rí, àti ìgboyà láti sọ̀rọ̀ ní àkókò, nípa Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.