Ọmọ Ọdún Márùn-ún Tí Ó Ṣubú

Bíbélì Kíkà: 2 Samuẹli 4:4, 9:1-13

Ọmọ ọdún márùn-ún ni Mefiboṣẹti nígbà tí ìròyìn ikú Saulu àti Jonatani dé láti Jesreeli. Olùtọ́jú rẹ̀ gbé e, ó ń sá lọ, ọmọ ṣubú, ó sì di arọ. Olùfẹ́ mi, ọmọ yìí kò dé ojú ogun. Kò sí ẹni tí ó na ọ̀kọ̀ sí i. Síbẹ̀, ogun náà bá a nínú ilé.

Ní òru June 5 mọ́jú June 6, 2021, àwọn agbébọn ya wọ Ìgàngán ní Ìbàràpá. Ó kéré tán, ènìyàn 11 ni wọ́n pa, wọ́n sì dáná sun ààfin àti ilé epo. Àwa tí a wà ní Ìséyìn àti Ṣakí gbọ́ ọ bí ẹni pé ẹnu ọ̀nà wa ni. A ka òkú, a ka ilé tí ó jóná. Ta ni ó ka àwọn ọmọdé tí wọ́n gbọ́ ìró ìbọn lóru ọjọ́ náà?

Ọmọ tí ẹ̀rù bà kì í sábà sọ ọ́, ara rẹ̀ ni yóò sọ ọ́. Ẹni tí ó ti ṣíwọ́ títọ̀ sílé yóò tún bẹ̀rẹ̀. Òmíràn yóò máa dì mọ́ ìyá rẹ̀ láṣọ. Òmíràn yóò di oníjà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ tí kò rí agbébọn rí, ṣùgbọ́n tí ó ń rí bí bàbá rẹ̀ ṣe ń lu ìyá rẹ̀ lálaalẹ́. Mo jẹ́wọ́: ìyá kan mú ọmọ rẹ̀ wá bá mi nígbà kan nítorí títọ̀ sílé. Mo gbàdúrà fún un, mo sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀ kí ojú lè tì í. Ìgbà tí mo mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé wọn ni ojú wá ti èmi gan-an.

Nígbà tí Dafidi wá Mefiboṣẹti kàn, ilé Makiri ní Lodebari ni wọ́n ti bá a. Makiri kì í ṣe ọba, Bíbélì kò sì sọ pé ìbátan rẹ̀ ni. Nígbà tí Absalomu lé Dafidi pàápàá jáde nílùú, Makiri yìí kan náà wà lára àwọn tí ó gbé ibùsùn àti oúnjẹ wá (2 Samuẹli 17:27-29). Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí.

Irú rẹ̀ ni àdúgbò wa ń wá. Ẹ̀yin olùkọ́ ọmọdé, ẹ jẹ́ kí kíláàsì máa bẹ̀rẹ̀ ní àsìkò kan náà, lọ́wọ́ olùkọ́ kan náà; ọmọ tí ayé rẹ̀ dàrú ń fẹ́ ohun tí kì í yí padà. Ẹ jẹ́ kí ó ṣeré. Bí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ gbọ́. Bí kò bá fẹ́, ẹ má fi ipá mú un. Ìmọ̀ràn yìí wà nínú ìwé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ̀ jáde ní 2011 fún àwọn tí ń ran ẹni tí àjálù bá lọ́wọ́. Ẹ̀yin òbí, ẹ yé tún ìtàn ìbọn sọ lójú ọmọ. Bí ó bá sì jẹ́ inú ilé ni lílù wà, má sọ pé ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti ní òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé láti 2006, àwọn òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn sì wà ní ìjọba ìbílẹ̀. Mú ìyá náà dé ibẹ̀, kí o sì dúró tì í.

Àdúrà: Olúwa, fi ọmọ kan hàn mí ní àdúgbò mi lónìí, kí o sì jẹ́ kí ilé mi gbà á. Ní orúkọ Jesu. Àmín.