Ohun Tó Wà Lọ́wọ́ Yín



Kíkà: 2 Kọ́ríńtì 8:10-15

Láti oṣù kìíní ọdún 2026 ni òfin owó orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Wọn kì í gba owó orí lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ tó bá wọlé fúnni lọ́dún. Owó oṣù ẹlòmíì ti lé díẹ̀, ti ẹlòmíì sì dín.

Bí tiyín bá dín, ẹ má tijú pé ọrẹ yín kò tó ti èṣí. Pọ́ọ̀lù ní ohun téèyàn ní ni Ọlọ́run fi ń wọn ọrẹ rẹ̀. Ẹ má yáwó san ẹ̀jẹ́ kí ebi wá máa pa àwọn ọmọ nílé.

Bó bá lé ńkọ́? Kí ọjà tó gbé e lọ, ẹ rántí opó àdúgbò yín.

Àwọn tó ń gba ilé gbé lè rí ìdẹ̀kùn owó orí gbà lórí owó ilé. Ẹ jọ̀ọ́, iye tí ẹ san gan-an ni kí ẹ kọ. Ọlọ́run kò fẹ́ ìdámẹ́wàá irọ́.

Lónìí, ẹ̀yin tọkọtaya, ẹ jókòó, ẹ jọ ṣírò ohun tó kù.

Àdúrà: Olúwa, kọ́ wa láti fúnni pẹ̀lú òtítọ́ àti ayọ̀. Àmín.